Ọ̀rá tó so lórí igi ìyeyè: ìrírí mi lórí ilẹ̀ etí odò

Oṣù kejì ọdún ni mo kọ́kọ́ fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ náà. Ọyẹ́ ṣì ń fẹ́ láàárọ̀, odò tó wà lẹ́yìn ilẹ̀ ọ̀hún sì kéré débi pé òkúta mẹ́ta ni mo tẹ̀ tí mo fi bọ́ sí òdì kejì, omi ò kan bàtà mi. Igi ìyeyè kan wà létí odò náà. Ọ̀rá piọ́ wọ́tà, àkísà aṣọ àti koríko gbígbẹ so mọ́ àwọn ẹ̀ka rẹ̀, níbi tó ga ju orí mi lọ dáadáa. Mo wò ó. Ọkọ mi náà wò ó, ó ní afẹ́fẹ́ àdúgbò yìí mà lágbára o. Ẹni tó fẹ́ ta ilẹ̀ fún wa dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, kò fèsì, àwa náà ò sì bi í.

Afẹ́fẹ́ kọ́. Omi ló gbé ọ̀rá yẹn débẹ̀. Ní ọdún kan kí àwa tó mọ àdúgbò náà, odò yẹn ga tó bẹ́ẹ̀, nígbà tó sì fà sẹ́yìn, ó fi ẹrù tó rù sílẹ̀ lórí igi. Mo ń kọ èyí fún ẹni tó ń wá ilẹ̀ rà lọ́wọ́, pàápàá ẹni tí owó ọwọ́ rẹ̀ ò tó nǹkan bíi tiwa nígbà náà, torí irú ilẹ̀ yẹn ni wọ́n máa kọ́kọ́ mú un lọ wò.

Iṣẹ́ aṣọ rírán ni mò ń ṣe, Ìbàdàn ni mo sì ti ń ṣe é. Odò tí mò ń sọ yìí kò lórúkọ tí ará ìta mọ̀. Ìsàlẹ̀ Eléyẹlé ló wà, ó ń ṣàn lọ wọ odò Ọnà. Iye tí wọ́n ń ta ilẹ̀ lórí òkè, ìdajì rẹ̀ la fi ra tiwa. A yọ̀, a dúpẹ́. Mi ò béèrè lọ́wọ́ ara mi pé kí ló dé tí ilẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ, tó sún mọ́ títì, tó sì jẹ́ ilẹ̀ dúdú ọlọ́ràá, fi pọ́ọ́kú bẹ́ẹ̀. Odò ló tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ. Ẹrẹ̀ tó ń kó wá nígbàkigbà tó bá kún ló ń tò lé ara wọn níbẹ̀, láti ìgbà tí kò sẹ́ni tó lè kà. Ọlọ́ràá tí mo rí yẹn, ìkún omi ni.

Kì í ṣe pé mi ò gbọ́ nípa omíyalé rí. Ta ló máa dàgbà n'Ìbàdàn tí kò ní gbọ́? Ọmọ ọdún mẹ́rin ni mí lọ́jọ́ Àìkú 31 oṣù kẹjọ 1980, nígbà tí Ògùnpa kún, tó gbé ilé, tó gbé ọkọ̀, tó sì gbé ọ̀pọ̀ èèyàn lọ. Títí dòní ni ìyá mi fi ń ka ọjọ́ orí: "Lágbájá? Ọdún omíyalé ni wọ́n bí i." Ṣùgbọ́n lọ́kàn tèmi, Ògùnpa ló ni omíyalé. Wọ́n ti gbẹ́ Ògùnpa, wọ́n ti fi kọnkéré tẹ́ ẹ, mo sì gbà pé ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀. Pé odò tí mo fi òkúta mẹ́ta kọjá lè dá irú rẹ̀ sílẹ̀, kò wá sọ́kàn mi rárá.

A bẹ̀rẹ̀ ilé. Kí ilẹ̀ lè fẹ̀ sí i, a ra iyẹ̀pẹ̀ típà mẹ́jọ, a dà á sétí odò, a fi àfọ́kù búlọ́ọ̀kù tì í kó má baà wó. Bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà la fi jèrè. Aládùúgbò wa ní òdì kejì rí i, ó ṣe tiẹ̀ náà. Odò tó wà láàárín wa wá dà bíi gọ́tà. Lẹ́yìn náà la mọ fẹ́ǹsì búlọ́ọ̀kù yíká, ó ga ju ọkọ mi lọ, a ò sì dá ihò kankan sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ nítorí ejò. Mo fẹ́ràn fẹ́ǹsì yẹn. Mo kùn ún ní funfun. A ò gba pùláànù tí ìjọba fọwọ́ sí, torí a ní owó rẹ̀ á pọ̀, á sì fà wá sẹ́yìn. Ká ní a gbà á ni, ẹnì kan ì bá ti na téèpù láti etí odò wá síbi tí a fẹ́ kọ́lé sí, a ò bá sì ti gbọ́ òótọ́ kí kọnkéré tó wọlẹ̀.

Ìyá àgbà kan ń gbé nínú ilé alámọ̀ lókè wa díẹ̀. Wọ́n ti ń dáko níbẹ̀ kí àdúgbò tó di àdúgbò. Lọ́jọ́ tí a ń gbẹ́ ìpìlẹ̀, wọ́n wá kí wa kú iṣẹ́, wọ́n sì ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, odò yìí máa ń bímọ nígbà òjò o." Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́. Mo rò pé ètùtù ni wọ́n fẹ́ ká ṣe, mo sì rọra yí ọ̀rọ̀ náà padà. Lẹ́yìn tí omi ti ṣe tiẹ̀ tán ni mo tó lọ bá wọn pé, ẹ jọ̀ọ́ mà, kí lẹ ń sọ fún wa lọ́jọ́ náà? Wọ́n mú ọ̀pá wọn, wọ́n fi fa ilà sórí ẹrẹ̀. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn, odò kan. Nígbà òjò ńlá, mẹ́ta: ọ̀kan gba ẹ̀yìn ilé tiwọn, ọ̀kan wà lójú ààyè rẹ̀, ẹ̀kẹta gba ibi tí balùwẹ̀ mi wà gan-an. Ètùtù kankan ò sí nínú rẹ̀. Ilẹ̀ ni wọ́n ń ṣàlàyé fún wa, ọ̀fẹ́ ni wọ́n sì fi ṣe é, èmi ni mi ò ní sùúrù láti gbọ́ ọ.

Odò náà ti kìlọ̀ fún wa ṣáájú. Ní oṣù keje lọ́dọọdún, omi á dé ìdí fẹ́ǹsì. Lọ́dún 2009, ó gba abẹ́ géètì wọlé, ó dé ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn, ó padà. A fi búlọ́ọ̀kù kan gbé ẹnu ọ̀nà sókè. Ìkún tó dé àtẹ̀gùn tó padà yẹn ló tan wá jẹ jù, torí ó jẹ́ ká rò pé a ti mọ ibi tí odò lè dé.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni, 26 oṣù kẹjọ 2011. Ìtúnu ààwẹ̀ ku ọjọ́ mẹ́rin. Ẹ̀yin tí ẹ ń ránṣọ mọ ohun tí mò ń sọ: aṣọ oníbàárà tó tó ogójì ló wà nílé mi, léèsì, ańkárá ẹbí, aṣọ àwọn ọmọdé. Ṣọ́ọ̀bù mi ń jò, mo sì ti kó gbogbo rẹ̀ wá sí pálọ̀ kí òjò má baà bà wọ́n jẹ́. Ọkọ mi wà níbi iṣẹ́. Èmi, àwọn ọmọ mi mẹ́ta àti ọmọ iṣẹ́ mi kan la wà nílé.

Ìrọ̀lẹ́ ni òjò bẹ̀rẹ̀. Wọ́n mú iná lọ lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí a máa fi ṣínu, ariwo òjò lórí páànù ò jẹ́ ká gbọ́ra wa sọ̀rọ̀ mọ́. Ojú ọ̀nà ni mo ń ṣọ́. Ibi tí omi gbà wọlé ò wá sí mi lọ́kàn: ihò balùwẹ̀ ni, ibi tí omi ìwẹ̀ ń gbà jáde. Ó ń ru wùù-wùù bí ìkòkò tó ń hó, ó sì ń rùn. Mo fi àkísà dí i, mo gbé ọlọ lé e. Ó ti ọlọ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Mo tan tọ́ọ̀ṣì gba ojú fèrèsé ẹ̀yìn. Kẹ́ẹ̀gì òfìfo kan ń léfòó lórí omi, òkè ló sì ń lọ. Mo nu ojú mi, mo tún wò ó. Odò ń padà sẹ́yìn. Mi ò mọ ohun tó fà á lálẹ́ ọjọ́ náà, àfi ìgbà tó yá. Ọnà ti kún dẹ́nu, adágún Eléyẹlé ti kún kọjá ògiri ìdènà rẹ̀, omi kékeré tiwa kò ríbi wọ̀ mọ́, ó wá ń yí padà bọ̀ wá bá wa. Bí ẹ bá ń gbé létí odò kékeré, ẹ lọ wo odò ńlá tó ń wọ̀, kí ẹ mọ bó ṣe ń ṣe. Òjò lè ti dá lórí òrùlé yín kí omi ṣì máa ga.

Ká ní lójú ẹsẹ̀ yẹn ni mo kó àwọn ọmọ jáde, a ò bá ti gba ojú ọ̀nà tí omi ò tíì ju orúnkún lọ. Aṣọ oníbàárà ni mo dúró kó. Mo ń dì í, mo ń gbé e sórí wọ́dúróòbù, mo ń pààrà. Ó tó ìdajì wákàtí. Ojú ń tì mí láti kọ ọ́, ṣùgbọ́n bó ṣe rí nìyẹn: mò ń ronú pé kí ni màá sọ fún àwọn oníbàárà, àwọn ọmọ mi sì dúró sórí ìjókòó pẹ̀lú bàtà lọ́wọ́. Àbíkẹ́yìn ń bi mí pé, "Mọ́mì, ṣé kí n mú bàtà Ìtúnu mi dání?"

Nígbà tí mo fi máa dé ẹnu ọ̀nà, omi ti dé ìdodo níta. Ilẹ̀kùn irin wa, òde ló ń ṣí sí. Èmi àti ọmọ iṣẹ́ mi fi èjìká tì í, kò mira, bí ẹni pé èèyàn mẹ́wàá fara tì í lódì kejì. Mo sáré lọ sójú fèrèsé. Irin tí a ní kí wẹ́dà jó mọ́ ọn kí olè má lè wọlé ló wà níbẹ̀, fèrèsé méje, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n jó pa. Mo di irin náà mú, mo sì pariwo lọ sínú òjò. Mi ò tíì bẹ̀rù báyẹn rí láyé mi.

Ilẹ̀kùn pákó tó wà ní kíṣìnì ló gbà wá. Inú ló ń ṣí sí. Bí ọmọ iṣẹ́ mi ṣe fa bóòtì rẹ̀, omi ta á ṣí, ó gbé ọmọ náà lu sítóòfù. A jáde sí àgbàlá. Ìgbà náà ni mo rí i pé omi inú àgbàlá ga ju ti ojú títì lọ. Fẹ́ǹsì funfun mi ló gbá a jọ bí ọpọ́n. Ká tó rìn dé géètì, apá ìsàlẹ̀ fẹ́ǹsì náà wó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, omi sì fà wá tẹ̀lé e. A rọ̀ mọ́ irin fèrèsé kan náà tí mo ń ṣépè lé lórí ní ìṣẹ́jú díẹ̀ sẹ́yìn. Àwọn ọmọ Alhájà tó ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ́wọ́ iwájú ló ju okùn sí wa, tí wọ́n fà wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ilé wọn la sùn, àwa bí ọgbọ̀n èèyàn, pẹ̀lú ewúrẹ́ lórí àtẹ̀gùn.

Ọkọ mi ò lè wálé. Ó dúró ní òdì kejì afárá kan, ó sì ń wo bí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan ṣe wọ inú omi tí ò tíì dé ìdajì táyà, tí omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí i bí ẹni ń yí àkéte. Ó padà, ó lọ sùn ní mọ́ṣáláṣí. Omi tó ń sáré, bí kò bá ju sẹ̀ǹtímítà 15 lọ, ó lè gbá àgbàlagbà lẹ́sẹ̀ ṣubú. Sẹ̀ǹtímítà 30 tó láti gbé ọkọ̀ kékeré nílẹ̀. Lóru, ẹ ò lè mọ̀ bóyá títì ṣì wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ má gbà á kọjá, bó ti wù kí ilé sún mọ́ tó.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ la tó ń gbọ́ bó ṣe rí káàkiri. Afárá Apẹtẹ ti lọ. Omi ti wọ ibi tí wọ́n ń sin ẹja sí ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ó lé ní 100 èèyàn tó kú nílùú lálẹ́ ọjọ́ kan yẹn. Òjò tí wọ́n wọ̀n jẹ́ mìlímítà 187.5. Létí tèmi, nọ́ńbà yẹn ò sọ nǹkan kan, àfi ìgbà tí ọmọ mi àgbà bá mi ṣírò rẹ̀. Mìlímítà kan òjò lórí ilẹ̀ tó jẹ́ mítà kan ní gígùn, mítà kan ní fífẹ̀, lítà omi kan ni. Púlọ́ọ̀tì kan, 50 ẹsẹ̀ bàtà ní 100, gba omi tó lé ní lítà 87,000. Ẹ fojú inú wo táńkì dúdú ẹlẹ́gbẹ̀rún lítà, 87 rẹ̀, lórí púlọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan láti orí òkè títí dé ìsàlẹ̀. Nígbà tí igbó ṣì wà lórí òkè, ilẹ̀ ń mu nínú rẹ̀, ewé sì ń dá a dúró. Ní báyìí páànù ni, kọnkéré àgbàlá ni, ọ̀dà títì ni, gbogbo rẹ̀ ló ń sáré bọ̀ nísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọjọ́ kẹta, àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò lọ ṣí ojú afárá kékeré tó wà nísàlẹ̀ wa. Òrùka kọnkéré méjì ni omi ń gbà kọjá lábẹ́ rẹ̀, méjèèjì ló ti dí pa. Wọ́n fi irin fa ohun tó wà níbẹ̀ jáde: ọ̀rá, táyà, tìmùtìmù, ẹ̀ka igi, àti àpò ṣaka kan tó ti ya. Ègé ańkárá ló ń dà jáde nínú àpò náà. Mo mọ̀ ọ́n. Aláwọ̀ búlúù olódòdó pupa, aṣọ ẹbí ìgbéyàwó kan tí mo rán ní oṣù kẹfà. Bí òjò bá ti ṣú, gbogbo wa ní àdúgbò la máa ń da ilẹ̀ sínú àgbàrá kó lè gbé e lọ, èmi náà a sì kó ègé aṣọ ọ̀sẹ̀ náà sínú àpò, màá jù ú sódò. Mo rò pé ó ti dé ibi tó ń lọ. Mo dúró lórí afárá yẹn, mi ò lè gbójú sókè wo ẹnikẹ́ni.

Fẹ́ǹsì mi náà ni. Kó tó wó, òun ló dá omi padà sókè sọ́dọ̀ ìyá àgbà. Ògiri ẹ̀yìn ilé wọn mu omi títí, kò wó lálẹ́ náà, ọjọ́ kejì tí oòrùn yọ ló wó. (Ilé alámọ̀ tó bá ti rin, ẹ má tètè padà wọ̀ ọ́ torí pé ó ṣì dúró.) Àgbàrá òjò ní òun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un, ṣùgbọ́n ilé ìyá àgbà yìí, èmi pẹ̀lú fẹ́ǹsì mi la ran àgbàrá lọ́wọ́. Mo lọ kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní kí n dìde, kí n lọ fọ ẹrẹ̀ ara àwọn ọmọ mi.

Ohun tó tẹ̀ lé e gba oṣù púpọ̀, mi ò ní fi gbogbo rẹ̀ pa yín lára. Ẹrẹ̀ dé orúnkún nínú pálọ̀. Sáfè ilẹ̀ àti rìsíìtì tí mo kó sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ti di ẹ̀kọ. Nínú aṣọ ogójì, mọ́kànlá ni mo rí fọ̀ tó mọ́. Mo san owó àwọn tó kù díẹ̀díẹ̀ fún ọdún kan àbọ̀. Ohun tí mi ò retí ni kànga. Omi rẹ̀ mọ́ lójú, ṣùgbọ́n ṣáláńgá gbogbo àdúgbò ti kún dà sínú àgbàrá, àgbàrá sì ti wọ kànga. Ìgbẹ́ gbuuru mú ọmọ mi kejì títí a fi gbé e dé ọsibítù. Ẹ fa irú omi bẹ́ẹ̀ gbẹ, ẹ fi kiloríìnì sí i, síbẹ̀ ẹ máa se èyí tí ẹ bá fẹ́ mu. Iná mànàmáná náà: ẹ pa á láti ojú mítà kí omi tó dé ibi sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ má sì tàn án padà títí oníṣẹ́ iná yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò.

A gé irin fèrèsé méjì, a so ó mọ́ ìdè kó lè ṣí láti inú, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lórí ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. A wó fẹ́ǹsì tó kù. Ọdún méjì la fi gbé ibẹ̀ lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n bí òjò bá ti ṣú, kò sẹ́ni tó ń sùn, àbíkẹ́yìn á sì ti wọ bàtà. A kó lọ sórí òkè, ilé yàrá méjì tí a háyà. Lọ́dún 2014, Báǹkì Àgbáyé fọwọ́ sí 200 mílíọ̀nù dọ́là fún iṣẹ́ ìkún omi n'Ìbàdàn, wọ́n sì tún ọ̀pọ̀ afárá kọ́, wọ́n fẹ̀ ẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Inú mi dùn sí i. Mi ò padà síbẹ̀ láti gbé. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, kókò àti ìrèké ni mo gbìn sórí ilẹ̀ náà. Omi ń wá lóṣù keje, ó ń bò ó, ó ń lọ, ẹ̀fọ́ sì ń yọ padà.

Oko yẹn ni mo wà ní oṣù kejì ọdún yìí tí ajẹ́ntì kan mú tọkọtaya kan wá wo púlọ́ọ̀tì tó kàn mí. Ìyàwó lóyún. Mo gbọ́ tí ọkùnrin náà ń sọ fún wọn pé odò lásán ni, pé ọmọdé ń fò ó. Mo gbé àdá sílẹ̀, mo lọ kí wọn. Mo ní, "Ẹ kú ìrìn o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo igi ìyeyè yìí." Ọkọ náà wo òkè, ó béèrè lọ́wọ́ mi pé ta ló gbé ọ̀rá kọ́ ibẹ̀. Mo ní kó na ọwọ́. Ó na ọwọ́, ó fẹsẹ̀ gún, lẹ́yìn náà ó fò sókè, ọwọ́ rẹ̀ ò kàn án.